Ọmọ Tó Ti Ojú Ọ̀run Rí Ilé Ìyá Rẹ̀

Ẹ súnmọ́ iná. Ọyẹ́ ọdún yìí kò mọ àgbà, kò mọ ọmọdé. Ìwọ tó jókòó sórí kùkùté máńgòrò yẹn, bá mi yí iṣu padà kí ẹ̀gbẹ́ kan má baà jóná. Fóònù ọwọ́ rẹ, fi sápò ná. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ la fẹ́ sọ, kò sì yẹ kí ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jókòó sáàárín wa.

Ẹ ń retí kí n ní "Ààlọ́ o," kí ẹ dáhùn "Ààlọ̀." Rárá o. Ti òní kì í ṣe ti ìjàpá. Apá kan rẹ̀, ojú mi ló rí i. Apá tó kù ṣẹlẹ̀ lójú ayé, ẹni tó bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, ilẹ̀ á mọ́ lọ́la, kí ó lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tí mo kéré bíi tiyín, inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá ilé ìwé wa ni ayé wà. Mo ní ayé. Bọ́ọ̀lù onípépà líle kan ni, ó dúró lórí ẹsẹ̀ irin, ó sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń tẹ́tí sí òfófó. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ọ̀gá á gbé e jáde, á ní kí a ká ọwọ́ wa sẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, á wá máa fi ọ̀pá tọ́ka sí i: èyí ni Éṣíà, èyí ni Yúróòpù. Àwa náà á máa wí i tẹ̀lé e bí ayékòótọ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ mọ̀ nípa ayé yẹn ni ibi tí Ìsẹ́yìn wà nínú rẹ̀. Mo béèrè. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó gbé àtàǹpàkò lé ibì kan, ó ní, "Abẹ́ ibí ni." Àtàǹpàkò ọ̀gá bo ilé wa, ó bo oko wa, ó bo Ọ̀yọ́, ó bo Ìbàdàn, ó sì kù díẹ̀ kó bo Porto-Novo. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún bàbá mi pé mo ti rí Ìsẹ́yìn nínú ayé, àtàǹpàkò ló wà lórí rẹ̀.

Èmi náà wá di tíṣà, jọ́gíráfì ni mo sì fi ọdún 34 kọ́. Mo lè dijú ya Kánádà sójú pátákó. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń sin àgùntàn ní Ọsirélíà. Odò Ògùn tó ń ṣàn nítòsí ilé wọn, wọn kò mọ̀ pé àwọn òkè ẹ̀gbẹ́ Ṣakí ló ti ṣẹ̀ wá. Ẹ má bá wọn wí. Ìdánwò kò bi wọ́n léèrè, èmi náà kò sì kọ́ wọn.

Ó wá di ọdún tó kọjá. Ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Ìbàdàn ní tíṣà àwọn ń wá àgbàlagbà tó mọ ìtàn, kí ó wá jókòó ní kíláàsì àwọn fún wákàtí kan. Mo lọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni tíṣà náà, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó pè mí ní "Bàbá Tíṣà," inú mi sì dùn. Mo wo ògiri: kò sí máàpù. Mo wo orí tábìlì: kò sí bọ́ọ̀lù onípépà. Aṣọ funfun kan ló ta sára ògiri, kọ̀ǹpútà alágbèéká tirẹ̀ sì wà lórí àga, pẹ̀lú pùrójẹ́tọ̀ tó yá lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kí wọ́n ti fèrèsé. Òkùnkùn ṣú. Ìgbà náà ni ayé yọ.

Mo ti rí egúngún onídán nígbà èwe mi. Mo ti rí ẹni tó wọ inú aṣọ ní ènìyàn tó jáde ní ọ̀nì. Èyí ju ìyẹn lọ. Ayé rọ̀ sáàárín òkùnkùn láìsí okùn, ó ń tàn, ó sì ń yí jẹ́jẹ́. Tíṣà náà fi ìka kan ra ojú kọ̀ǹpútà, ayé yíjú sí wa. Ó tún un rà, ayé bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ wá bá wa. Ilẹ̀ Áfíríkà ń fẹ̀, ó ń fẹ̀. Aṣálẹ̀ gba òkè lọ, òkun gba ìsàlẹ̀ lọ. Ohun tó jọ ewédú lílọ̀ di igbó, igbó di igi kọ̀ọ̀kan, okùn pupa di títì, páànù òrùlé wá ń tò lọ rẹrẹ. Ìyá arúgbó kan tí wọ́n pè láti wá sọ ìtàn ogun Ìjàyè fi ọwọ́ méjèèjì di bẹ́ǹṣì mú. "Yéè! Ẹ rọra o, a ó já lulẹ̀!" Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wá bíréèkì.

Òrùlé tó dúró lé lórí, òrùlé ilé ìwé náà gan-an ni. A jókòó sábẹ́ rẹ̀, a sì ń wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Bí ọmọkùnrin kan ṣe rí i báyìí, ó dìde fùú, ó sáré bọ́ sí ojúde, ó gbójú sókè ó ń juwọ́ sí sánmà, ó ń pariwo pé, "Ṣé ẹ ti rí mi? Ṣé ẹ ti rí mi?" Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Tíṣà náà ní kí wọ́n dákẹ́, ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Bó ṣe ń dá a lóhùn ni mo gbọ́ ohun tó wọ̀ mí lára jù lọ́jọ́ náà.

Ẹ mọ̀ pé ọmọ aláṣọ òkè ni mí. Bàbá mi kò hun odindi agbádá rí láyé rẹ̀. Òfì kì í fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Pẹ́lẹ́bẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa ń hun, kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, lẹ́yìn náà ni aránṣọ á tò ó mọ́ ara wọn, á rán an, á di aṣọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe hun ayé tó wà lára ògiri yẹn! Sátẹ́láìtì kan tí wọ́n ń pè ní Landsat ń lọ lókè réré, 705 kìlómítà sí ilẹ̀, ó ń ya àwòrán bó ṣe ń lọ, pẹ́lẹ́bẹ́ tó fẹ̀ tó 185 kìlómítà. Kò tó wákàtí méjì tó fi ń yí ayé po lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ayé náà ń yí lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà pẹ́lẹ́bẹ́ tó kàn kì í bọ́ sórí ti àkọ́kọ́. Ọjọ́ 16 ló ń gbà á kí ó tó padà sórí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò mú tó láti rí òrùlé. Àwọn sátẹ́láìtì mìíràn tí ojú wọn mú jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń rí ìyẹn, àwọn ìlú kan sì wà tó jẹ́ pé ọkọ̀ òfuurufú ló fò lórí wọn tó yà wọ́n. Aránṣọ wá gba gbogbo rẹ̀, ó rán an pọ̀, ó fi wé bọ́ọ̀lù.

Ó yé yín? Aṣọ ni, kì í ṣe dígí. Ọmọ tó ń juwọ́ níta, kò sí ẹni tó ń wò ó. Ọjọ́ kan tó ti kọjá ni wọ́n ya òrùlé yẹn, bóyá ìgbà tí ọmọ náà ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Tíṣà náà tilẹ̀ fi ojú ìránṣọ hàn wá: odò kan tó jẹ́ pé ẹ̀bá rẹ̀ lápá kan tutù yọ̀yọ̀, ẹ̀bá rẹ̀ lápá kejì sì gbẹ bí awọ ìlù. Apá kan, àwòrán ìgbà òjò. Apá kejì, ti ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyá arúgbó yẹn, tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ díẹ̀, ní, "Bí ẹ̀kú egúngún ni. Gbogbo aṣọ ara rẹ̀ ló ní ọdún tirẹ̀." Ọdún 34 tí mo fi ṣe tíṣà, mi ò rí àlàyé tó tó ìyẹn ṣe.

NẸ́PÀ mú iná lọ. Ẹ kò retí kó má mú un lọ, àbí? Ayé kú lára ògiri. Ọmọ kan lọ fa jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn ilé, ayé jí. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, dátà tó ń jẹ kò ha pọ̀ ju owó oṣù rẹ lọ?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí òun bá ń gbé gbogbo ayé wá, òun yóò jẹ gbèsè. Wọ́n ti gé ayé náà wẹ́wẹ́ bí ẹni gé ọṣẹ: tí o bá jìnnà, ègé ńlá díẹ̀ ni wọ́n fi ń hàn ọ́, bó o ṣe ń súnmọ́ ọn, ègé kọ̀ọ̀kan ń di mẹ́rin, mẹ́rin náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan tún di mẹ́rin. Ibi tí ojú rẹ bá wà nìkan ni wọ́n ń gbé wá fún ọ, bí ìyá olóńjẹ tí kì í bu ohun tí o kò béèrè. Ní òru ọjọ́ tó ṣáájú, tí dátà pọ́ọ́kú, ó ti ṣí gbogbo ibi tó fẹ́ lò ní kíláàsì, ẹ̀rọ sì ti fi wọ́n pamọ́ sínú. Bí àgbà obìnrin tó lọ ata sílẹ̀ lálẹ́ nítorí àlejò òwúrọ̀.

Ta ló kọ́kọ́ ronú kan irú ayé orí kọ̀ǹpútà báyìí? Ní oṣù kìn-ín-ní 1998, igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, Al Gore, sọ ọ̀rọ̀ kan ní Los Angeles. Ó ní òun rí ọmọbìnrin kékeré kan lọ́kàn, tó gbé nǹkan bojú, tó ń wo ayé láti òkè, tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ń rí ilé àti igi. Àlá lásán ni nígbà náà. Ní 2001, ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Keyhole gbé ayé oní-kọ̀ǹpútà tirẹ̀ jáde. Inú orúkọ àwọn sátẹ́láìtì amí Amẹ́ríkà ni wọ́n ti mú Keyhole, ihò kọ́kọ́rọ́ tí amí ń gbà yọjú. Ogun Ìráàkì ní 2003 ló gbé e jáde fáráyé, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń fi í han ibi tí bọ́ǹbù ti ń bọ́. Google rà á ní 2004, nígbà tó sì di oṣù kẹfà 2005, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Google Earth, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí ológun fi ń ṣọ́ ara wọn ló di ohun tí ọmọ kíláàsì karùn-ún fi ń wá òrùlé ilé ìwé rẹ̀. Mi ò lè sọ pé mo mọ bí ó ṣe yẹ kí ọkàn mi rí sí ìyẹn.

Ẹ má sì rò pé àwọn òyìnbó nìkan ló ní ojú lókè. Ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án 2003 ni NigeriaSat-1 gòkè lọ láti Plesetsk ní Rọ́ṣíà. Nígbà tí ìjì Katrina ba New Orleans jẹ́ ní 2005, ó wà lára àwọn ojú tó ń ya àwòrán ibẹ̀ ránṣẹ́ sílẹ̀. Ilé Ifẹ̀ náà ńkọ́? Láti 1972 ni ilé ẹ̀kọ́ kan ti wà nínú ọgbà Yunifásítì tó wà níbẹ̀, tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà bí a ṣe ń wọn ilẹ̀ láti òkè. Mo kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láìmọye ìgbà nígbà tí mo ń lọ kí àbúrò mi, mo rò pé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn awakọ̀ òfuurufú ni.

Padà sí kíláàsì. Tíṣà náà gbé máàpù pẹlẹbẹ sára ògiri, irú èyí tí mo lò, ó ní kí àwọn ọmọ wo Greenland àti Áfíríkà: èwo ló tóbi? Wọ́n ní dọ́gbadọ́gba ni. Ó gbé ayé roboto padà, ó ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Áfíríkà tóbi tó Greenland mẹ́rìnlá! Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mercator ló ya irú máàpù pẹlẹbẹ yẹn ní 1569 fún àwọn atukọ̀ òkun, kí ọ̀nà wọn lè tọ́. Kò yà á fún ẹni tó fẹ́ mọ ìwọ̀n ilẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀ mo ń ka iye ọmọ tí mo ti fi máàpù yẹn hàn láìsọ fún wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbèjà ẹsẹ̀, nítorí ojú ọ̀run kò mọ ohun gbogbo. Tíṣà náà wá Èrèdò Súngbọ́ fún wa, yàrà àwọn Ìjẹ̀bú tí gígùn rẹ̀ tó 160 kìlómítà, tó jẹ́ pé ní ibì kan, láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé òkè ògiri rẹ̀ tó 20 mítà. Ó wá a títí. Ewé nìkan la rí. Igi ti bò ó. Èmi ti fi ẹsẹ̀ mi wọ inú rẹ̀ nígbà tí mo ṣì lágbára, ògiri alámọ̀ ga lọ́tùn-ún lósì, òtútù mú mi lọ́sàn-án gangan. Ojú tó wà ní 700 kìlómítà kò lè rí abẹ́ ewé kan.

Ní Mòsáḿbíìkì, òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Ní 2005, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, Julian Bayliss, ń wo Google Earth, ó rí igbó dúdú kìjikìji lórí Òkè Mabu tí kò sí nínú ìwé àwọn onímọ̀ kankan. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọ́n bá ọ̀gà, labalábá àti ejò paramọ́lẹ̀ tí wọn kò rí irú wọn rí. Wọ́n ní wọ́n ti ṣàwárí igbó. Àwọn ará abúlé tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè, tó jẹ́ pé inú igbó yẹn ni wọ́n sá pamọ́ sí nígbà ogun abẹ́lé, á ti máa wo ara wọn lójú.

Ẹ kó igi síná. Ibi tí ìtàn wà gan-an la dé yìí.

Ní ilẹ̀ Íńdíà, ní ìlú Khandwa, ọmọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Sheru. Kìnnìún ni ìtumọ̀ orúkọ náà. Ìyá rẹ̀ ń ru òkúta níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ebi sì ń pa wọ́n. Ní 1986, ó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, ó tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Guddu wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Burhanpur. Oorun ń kùn ún. Ẹ̀gbọ́n ní kí ó sùn sórí bẹ́ǹṣì, òun ń bọ̀. Nígbà tó jí, kò rí Guddu. Ó rí ọkọ̀ ojú irin tó dúró, ó rò pé ẹ̀gbọ́n òun á wà nínú rẹ̀, ó wọlé, oorun tún gbé e lọ. Ìgbà tó lajú, ọkọ̀ ti ń sáré, ilẹ̀kùn ti tì pa, òun nìkan ló kù. Calcutta ni ọkọ̀ já a sí, ibi tó lé ní 1,200 kìlómítà sílé, láàárín àwọn ènìyàn tí kò gbọ́ èdè wọn.

Wọ́n bi í pé, "Ọmọ ibo ni ọ́?" Ó ní, "Ginestlay." Kò sí ẹni tó mọ ìlú tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. "Kí lorúkọ rẹ?" Ó ní, "Saroo." Ganesh Talai ni àdúgbò wọn ń jẹ́, ahọ́n ọmọdé ló gé e kúrú, ó sì ti gé orúkọ ara rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ rí i, ọmọ tí kò lè pe orúkọ ilé rẹ̀ já geere, ó ti sọ ilé nù nìyẹn. Wọ́n mú un lọ sí ilé ọmọ aláìlóbìí. Ní 1987, tọkọtaya kan tó ń jẹ́ Brierley gbà á tọ́, wọ́n mú un lọ sí Hobart ní erékùṣù Tasmania, ìsàlẹ̀ Ọsirélíà lọ́hùn-ún, níbi tí ilẹ̀ ti fẹ́ tán.

Wọ́n tọ́ ọ dáadáa. Ó kàwé, ó gbàgbé èdè ìyá rẹ̀. Ohun tí kò gbàgbé kéré, ẹ fi ọkàn kà á: ibùdókọ̀ ojú irin tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú B, táńkì omi gíga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó fo ojú irin kọjá, àti odò tí wọ́n ti ń ṣeré nítòsí ilé. Ìyẹn náà ni gbogbo ẹrù ilé tó gbé dání.

Google Earth dé. Ó jókòó tì í. Ó ní: wákàtí mélòó ni mo lò nínú ọkọ̀ yẹn? Báwo ni ọkọ̀ ojú irin Íńdíà ṣe ń sáré tó láyé ìgbà náà? Ó sọ ọ́ di ìṣirò, ó fi Calcutta sáàárín, ó fa òbìrí yí i ká. Ojú irin tó wọ Calcutta pọ̀ bí okùn àwọ̀n, ó wá ń tọ ọ̀kọ̀ọ̀kan láti òkè, lálẹ́ lálẹ́, lẹ́yìn tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń lọ sóde, ó ń tọ ojú irin. Ní òru ọjọ́ kan ní òpin oṣù kẹta 2011, ó rí táńkì omi. Ó rí afárá. Burhanpur! Ó tọ ojú irin náà lọ sí ìhà àríwá, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó kan Khandwa, ó kan odò náà. Ó wá ń fi ojú rìn láti ibùdókọ̀ lọ sílé, ní òpópónà tí ẹsẹ̀ ọmọ ọdún márùn-ún ti rìn rí.

Oṣù kejì 2012 ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ débẹ̀. Ilé tó mọ̀ ti ṣófo. Ọkùnrin kan mú un gba kọ̀rọ̀ kan, ó bá ìyá rẹ̀. Ìyá náà kò kúrò ní àdúgbò yẹn. Àwọn ènìyàn ti bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òun kò lọ, bí ọmọ òun bá padà dé ńkọ́, ibo ni yóò bá òun? Ti Guddu, ọkọ̀ ojú irin ló pa á. Ìdí nìyẹn tí kò fi padà sídìí bẹ́ǹṣì. Ọmọ náà kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 2013, wọ́n sì fi ṣe fíìmù tó ń jẹ́ Lion ní 2016. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fi fíìmù sílẹ̀ ná.

Ẹ wo ohun tí tíṣà yẹn fi ìtàn náà ṣe. Ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ohun mẹ́ta tí ẹni tó wà lójú ọ̀run lè fi dá ilé wọn mọ̀, kí ó gbé e fún ẹlòmíràn, kí onítọ̀hún wá a rí lórí ayé. Ọmọbìnrin kan kọ ọ́ pé, "Ilé wa wà nítòsí Àǹtí aláàkàrà." Kíláàsì rẹ́rìn-ín, ó sì yé e: ojú ọ̀run kò gbóòórùn àkàrà. Ó pa á rẹ́, ó kọ mọ́ṣáláṣí olórí aláwọ̀ ewé, ilé epo, àti oríta tó jọ lẹ́tà Y. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹnìkejì rẹ̀ fi dé orí òrùlé wọn. Ọmọ náà dákẹ́, ó ń wo ilé ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi fọ́tò ìyá rẹ̀ hàn nígbà tí ìyá náà wà lọ́mọge.

Wọ́n ní ó kan èmi. Mo ní, "Ẹ gbé mi lọ sí Òṣoògùn." Ó wà ní ilẹ̀ Ìsẹ́yìn wa níbí. Òrùlé páànù tó ti pọ́n, ọ̀nà pupa kan, igbó yí i ká. Mo ní ní 1821, àwọn akónilẹ́rú ya wọ ìlú yìí ní òwúrọ̀, wọ́n kó ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Ìsẹ́yìn ni wọ́n kọ́kọ́ kó wọn wá. Níbí, ní ìlú wa yìí, ni wọ́n ti fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Mi ò fẹ́ràn láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n níbí ni. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni tíṣà náà ń fa ìlà sórí ayé. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Wọ́n kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí, ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin 1822 àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, wọ́n kó wọn lọ sí Freetown. Ìlà náà yà kúrò létíkun, ó kọjá Gánà, ó kọjá Làìbéríà. Ọmọ kan wọ̀n ọ́n: láti Òṣoògùn dé Freetown lé ní 1,800 kìlómítà. Àjàyí yẹn ló di Samuel Ajayi Crowther. Ó padà wá sí Abẹ́òkúta ní 1846, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n mú ìyá rẹ̀ Àfàlá wá bá a. Àwọn méjèèjì kàn ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ kò jáde.

Ọmọ tó juwọ́ sí sánmà yẹn tún na ọwọ́. "Bàbá, Òṣoògùn sí Abẹ́òkúta ńkọ́?" Wọ́n wọ̀n ọ́n. Kò tó 100 kìlómítà. Wọ́n gbé Àjàyí rìn dé ibi tí ayé ti tẹ̀, ìyá rẹ̀ sì wà ní ìtòsí gbogbo ìgbà yẹn. Ọmọbìnrin aláàkàrà ti ń fi ìka ṣírò lábẹ́ tábìlì. Ó ní, "Láti 1821 sí 1846, ọdún 25. Ti Saroo náà, ọdún 25 àti díẹ̀." Mo ti ń sọ ìtàn Crowther láti ìgbà tí irun mi ti dúdú, mo sì ti wo fíìmù Saroo lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò ṣírò rẹ̀ rí.

Kí a tó túká, tíṣà náà yí ọwọ́ aago ọdún padà sẹ́yìn, nítorí àwọn aṣọ àtijọ́ tí wọ́n ti bọ́ kúrò lára ayé yẹn, wọn kò jù wọ́n nù. A rí etíkun Bar Beach ní Èkó: òkun ń jẹ ilẹ̀, ó ń jẹ ilẹ̀, ó wá di pé iyanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í ti òkun padà, ojú títì yọ níbi tí mo ti lúwẹ̀ẹ́ nígbà tí mo jẹ́ ọ̀dọ́. Ìyá arúgbó ní kí wọ́n padà lọ sí ọdún ogun Ìjàyè. Wọ́n ní ó ti pẹ́ jù, Màmá, kò tíì sí ojú lókè nígbà náà. Ó kùn díẹ̀.

Ó dáa, mú fóònù jáde báyìí. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà. Ẹ má ti ara yín, gbogbo yín á rí i. Wá Ìsẹ́yìn. Gbé àtàǹpàkò lé e. Yà á. Tún un yà. Mọ́ṣáláṣí àárín ìlú nìyẹn. Gba ẹ̀yìn ọjà, yà sọ́wọ́ òsì, òrùlé tó ní páànù tuntun mẹ́ta láàárín èyí tó ti pọ́n. Ilé wa nìyẹn. Ẹ wo bó ṣe kéré tó. Wá yí ọdún padà fún mi, bí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe kọ́ ọ. Lọ díẹ̀ sí i. Díẹ̀ sí i. Dúró síbẹ̀.

Ohun dúdú roboto tó wà láàárín ojúde yẹn, máńgòrò ni. Èyí tí ìjì wó ní ọdún tó tẹ̀lé ikú Ìyá àgbà yín. Kùkùté rẹ̀ lo jókòó lé yẹn. Ẹ wo òjìji rẹ̀, ó kúrú. Ọjọ́ ti ga. Ní irú àsìkò yẹn, tí ó bá ti parí iṣẹ́ ilé, abẹ́ máńgòrò yẹn ló máa ń tẹ́ ẹní sí, á máa ṣa ẹ̀gúsí.

Rárá, o kò lè rí i. Ewé ló bò ó. Súnmọ́ ọn títí, ewé náà ni.

Kí lò ń ṣe tí ò ń dorí fóònù kọ ẹ̀gbẹ́ báyìí? Ṣé o fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ igi ni? Gbé e wá. Jẹ́ kí èmi náà wò ó.